Ọ̀já Tí Mo Rán fún Màmá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ibi tí ẹ wà tutù? Níbí ní Titirou, ilé gbóná bí inú ààrò, Màmá kò sì tíì kúrò nínú yàrá yín láti ọjọ́ tí a ti sin yín. Opó kì í jáde kí ọjọ́ ọ̀fọ̀ tó pé, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin wá láti Ṣábẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ, ẹnu ọ̀nà gan-an ni wọ́n tẹ́ ẹní sí.

Nígbà tí ọkàn Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, tí ẹ̀gbọ́n yín kò jẹ́ kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi yóò gbà wá. Ẹ rántí ẹ̀rọ kékeré tí à ń ṣe níbi iṣẹ́ mi ní Kútọnu, èyí tí ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé aago tí kì í sọ àkókò ni? Òun ló ń gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, tó ń fi í ránṣẹ́ sí dókítà lórí fóònù. Ti ọrùn ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ fún Màmá, àmọ́ bó bá ti fẹ́ fọwọ́ kan omi báyìí, á bọ́ ọ sọnù. Ni mo bá tú u, mo rán an sínú ọ̀já kó lè máa so ó mọ́ àyà. Ẹ̀rọ ìránṣọ yín ni mo lò. Eyín ni mo fi já òwú bíi tiyín, ìwà tí Màmá bá yín jà lé lórí títí tó sú u. Ìlù ọkàn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Kútọnu, inú mi sì dùn débi pé mo jó.

Bàbá, n kò mọ̀ pé àgádágodo ni mo ń rán. Dókítà wo ohun tó rí, ó ní kí a gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, ohun tó ń ṣe é kọjá ohun tí ọ̀já lè fi hàn. Ẹ̀gbọ́n yín ní dókítà tó ti rí ọkàn rẹ̀ láti Kútọnu, kí ló tún fẹ́ rí? Kó fi oògùn ránṣẹ́. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n kí ará ilé má sọ pé a kò ṣọ̀fọ̀ yín bó ti yẹ. Èmi náà kò lè padà síbi iṣẹ́, wọ́n ní ta ni yóò máa wo fóònù? Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Bí Màmá bá fẹ́ dìde, ògiri ló ń dì mú.

Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ ẹ? Ẹ̀yin tí oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun yín bí orí bá ń fọ́ Màmá?

Láàárọ̀ ọ̀la, n óò di Màmá mú, a óò ré ẹní ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá lójú gbogbo wọn, ó di ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí. N kò fẹ́ kọ irú lẹ́tà yìí sí Màmá náà.

Ẹ sinmi, Bàbá.
Èmi ọmọ yín, tí àárò yín ń sọ.