Bàbá Yefim Luzgin, Adóòlà-Ọkọ̀ Inú Yìnyín (1957–2024)

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1957 ni wọ́n bí Bàbá wa, Yefim Prokopyevich Luzgin, sí ìlú Korsakov ní erékùṣù Sakhalin. Prokopy tó ń dáná ilé-iṣẹ́ ẹja inú agolo ni bàbá wọn. Ustinya, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ni ìyá wọn. Àwa ẹbí kí ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa jókòó lónìí tó pé ogójì ọjọ́ tí Bàbá ti lọ. Ẹ kọ́kọ́ bu ìrẹsì olóyin tí a fi ń rántí òkú jẹ ná, kí ẹ tó ka ìyókù.

Bàbá kàwé nílùú wọn, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ atukọ̀ parí ní Nevelsk ní 1976. Ní 1984 wọ́n gbé Taisiya Lvovna níyàwó, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní 1989 Ọlọ́run fi Raisa ta wọ́n lọ́rẹ, òun nìkan ṣoṣo.

Ọkọ̀ ẹja ni Bàbá fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2013 ni àwọn ọkọ̀ ìdóòlà tuntun dé, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́rin tí wọ́n fi àwòrán kan náà kàn. Irin ara wọn ki débi pé wọ́n ń la yìnyín kọjá. Wọ́n ń fa ọkọ̀ tó há, wọ́n ń paná, wọ́n ń sọ òmùwẹ̀ sísàlẹ̀, wọ́n sì ń gbá epo kúrò lójú omi. "Spasatel Vetrov", ìyẹn Vetrov Adóòlà, ni orúkọ èyí tí Bàbá ti jẹ́ olórí òṣìṣẹ́. Àṣé ìyàwó kejì ni wọ́n fẹ́! Òfin ọkọ̀ náà ni pé tí ìpè bá ti dé, kò gbọdọ̀ lò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ ní èbúté, nítorí náà Bàbá kì í rìn jìnnà. Màmá a máa ní, "Yefim, ṣé inú omi ni kí n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa sí ni?" Bàbá á ní, "Tẹ́ ẹ, Tasya, màá gbé ìrọ̀rí wá."

Kí a má fi irọ́ sin òkú. Oṣù Kejì 2016 ni Raisa ṣe ìgbéyàwó. Bàbá ti gba àyè, ẹlòmíràn sì ti dúró sí ipò wọn nínú ọkọ̀. Àwọn àlejò ń pariwo "Ó korò o! Ó korò!" kí tọkọtaya lè fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, àfi bí Bàbá ṣe yọ́ lọ sẹ́yìn aṣọ fèrèsé, tí wọ́n tẹ "Vetrov" láago. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n o! Wọ́n kàn fẹ́ mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé omi tó ń ta sára ọkọ̀ ẹja kan ti di yìnyín lé e lórí, ọkọ̀ náà ti wúwo, ó ti ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, "Vetrov" sì fẹ́ gbéra. Wọ́n fa kóòtù wọ̀, Raisa sì dí wọn lọ́nà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Bàbá, tẹ́ ẹ bá jáde báyìí, ẹ má wá sílé mi mọ́."

"Raya, èèyàn mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀."

"Èmi ńkọ́? Ẹyọ kan ni mo jẹ́ fún yín!"

Bàbá lọ. Gbogbo òṣìṣẹ́ "Vetrov", títí kan ọ̀gá ọkọ̀ àti alásè, fi òòlù igi gbá yìnyín kúrò lára ọkọ̀ ẹja náà fún wákàtí méjìdínlógún. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n Raisa kò ṣílẹ̀kùn fún Bàbá. Ó bí Timofey ní 2017, kò ránṣẹ́ sí wọn. Bàbá á wá sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, wọ́n á gbé ìgò olú oníyọ̀ kalẹ̀, wọ́n á yí padà. Raisa sì ń jẹ olú náà o. Vadim ọkọ rẹ̀ ló tú àṣírí.

Ní ti ìgbàgbọ́, Bàbá kì í pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n wọn kì í lọ sójú omi láìtan àbẹ́là fún Nikola Mímọ́, alágbàwí àwọn atukọ̀. Bàbá náà ló ń tún ọkọ̀ ojú omi àwọn opó àdúgbò ṣe, láìgba kọ́bọ̀.

Oṣù Kejìlá 2023 ni àìsàn ọkàn dá Bàbá dúbúlẹ̀. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín Raisa wá sí ọsibítù, ìjà ló sì bá wá.

"Kí ló mú yín tẹ̀ wọ́n láago lọ́jọ́ yẹn? Ta ló bi yín?"

"Afẹ́fẹ́ ló yí. Mo gbọ́ ọ lára fèrèsé, mi ò wá lè jókòó mọ́. Raya, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Raisa tún ìrọ̀rí wọn ṣe, ó fún wọn lọ́bẹ̀ mu, ó ní òun ń bọ̀ lọ́la. Kó tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìíní 2024, Bàbá ti dákẹ́. Raisa kò tíì sọ fún wọn pé òun dárí jì wọ́n. Ó dùn ún wọra.

Bàbá fi Màmá Taisiya sílẹ̀ sáyé lọ, pẹ̀lú Raisa ọmọ wọn, Vadim àna wọn, Timofey àti Agniya ọmọ-ọmọ wọn, àti Klavdia àbúrò wọn.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọ̀gá ọkọ̀ "Vetrov", Gleb Andreyevich, àti atukọ̀ márùn-ún gbé pósí lé èjìká nínú àgbàlá, torí lọ́dọ̀ wa, ẹbí kì í gbé òkú ẹbí. Bí fóònù ọ̀gá ṣe dún nìyẹn. Ó gbọ́ ọ, ó tì í bọ àpò, ó sì tún dúró. Raisa rí i.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan, Raisa Yefimovna. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sin Bàbá."

"Èèyàn mélòó?"

Ọ̀gá wolẹ̀. "Mẹ́rìnlá. Yìnyín ń tì wọ́n lọ bá àpáta."

"Ẹ gbé bàbá mi kalẹ̀. Ẹ máa sáré!"

Wọ́n gbé pósí lé orí àpótí ìjókòó, wọ́n sì bẹ́ sí ọ̀nà èbúté. Àwọn ọkùnrin àdúgbò márùn-ún wá gbé e. Igun kan ṣófo. Raisa ki èjìká bọ̀ ọ́.

"Raya! Èèwọ̀ ni!" Klavdia ké. "Ọmọ kì í gbé òkú bàbá ẹ̀!"

Raisa kò wẹ̀yìn. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti pákó pósí náà, àwa tí a súnmọ́ ọn sì gbọ́: "Mo ti dárí jì yín, Bàbá. Ẹ̀yin náà, ẹ dárí jì mí."

Ọjọ́ kẹta ni àwọn mẹ́rìnlá náà wọ èbúté láàyè. Bàbá, ẹ sinmi, àwọn tó kù ń ṣọ́ omi. Ẹ sùn re o.