Bàbá Mi, Ẹ Kọ Ọ́ Pé Ẹ Ò Tíì Ra Ilé Rí

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Màámi, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú. Àṣàbí àbúrò mi ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń ké bí ẹni tí agbọ́n ta bí wọ́n bá ń dì í nírun? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí.

Ara mi le. Ọyẹ́ ti dé, ètè mi ti là bí amọ̀ gbígbẹ. Iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù tí ẹ rán mi wá kọ́ ń lọ dáadáa. Bí a bá po sìmẹ́ǹtì di ìrọ̀lẹ́, irun mi á funfun ju ti Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, lọ. Mo tẹ̀ kòlòbà bí arúgbó lọ́jọ́ kan, mo ń wúkọ́ bíi tiwọn, gbogbo ọmọ agboolé wa níbí sì rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n bí oníkálukú bá wọlé lọ bá ìyá rẹ̀, èmi nìkan ló máa ń kù sẹ́nu ọ̀nà.

Mo rí lẹ́tà yín gbà. Ìjọba ní àwọn á dín owó orí kù fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kó lè fi tún ilé náà ṣe, irú èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà yẹn. Fọ́ọ̀mù wá bi yín bóyá ẹ ti ní ilé rí. Ẹ kọ bẹ́ẹ̀ ni, nítorí agboolé bàbá yín níbí! Bàbá mi! Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbé yàrá kan tí ẹ háyà lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán kí wọ́n tó bí mi! Wọ́n ti wá dá fọ́ọ̀mù padà, bí oṣù yìí bá sì parí, wọn ò ní gba àtúnṣe mọ́.

Ẹ ní ọkùnrin tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ò nílé ti sọ pé òun ò ní bàbá. Ẹ ní kí Bàbá Àgbà wá gbọ́ pé ẹ sẹ́ agboolé nínú ìwé ìjọba? Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan o. Tíṣà kan tó wá ra búlọ́ọ̀kù níbi iṣẹ́ wa ní àwọn náà kọ bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní akọ̀wé owó orí bi àwọn pé ṣé àwọn lè ta ilé náà lọ́la. Àwọn ní há, ta ló bí àwọn dáadáa tí wọ́n á ta ilé ẹbí? Akọ̀wé ní ó parí nìyẹn, ilé tí wọn ò lè tà kì í ṣe tiwọn nìkan, kí wọ́n lọ pa bẹ́ẹ̀ ni rẹ́. Owó orí tí wọ́n dín kù fún wọn ni wọ́n fi gbẹ́ kàǹga. Nọ́ọ̀sì kan fi tiẹ̀ pe àwọn tó ń wọn ilẹ̀, kí aládùúgbò má baà máa sún ọgbà mọ́ ọn lára. Ọ̀gá mi ní kí onílé tuntun má fi ra ọ̀dà o, nínú ayé Sáàpù tí gbogbo nǹkan gbówó lórí yìí. Ohun tí òjò lè bàjẹ́ ni kó kọ́kọ́ ṣe. Tiwa, yàrá ẹ̀yìn tí kò ní páànù yẹn ni. Màámi, mo mọ̀ pé fèrèsé ni ẹ fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, òjò kì í ti ojú fèrèsé nìkan wọlé.

Mo bá mú ọkàn le, mo bi Bàbá Àgbà. Wọ́n yọ pákò lẹ́nu, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní agboolé ló ni wá, àwa kọ́ la ni ín. Wọ́n ní bàbá tó kọ́ ọ náà, ibì kan ló ti ṣí wá, kò sì kọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ lọ pa á rẹ́ kíákíá.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní Àkànmú ti tún dé. Lóòótọ́, Kérésì tó kọjá, èmi ni mo fi ohùn Bàbá Àgbà pè yín láti ẹ̀yìn ògiri, tí ẹ sì dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ balùwẹ̀. Mo jẹgba, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n n kì í fi òrùlé yín ṣeré. Bàbá Àgbà fúnra wọn ti tẹ ìka sí lẹ́tà yìí, èyí tí mo fi rán awakọ̀ sí yín. Mo fún oníwèé ìròyìn ní ẹ̀dà kan, láìsí orúkọ yín níbẹ̀, torí àwọn bàbá tó ṣe irú àṣìṣe yìí pọ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ gbó sínú ilé náà, ẹ ò ní fi ẹkún ṣí i. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò, àtonílé àtayálégbé. Bàbá Àgbà ní bí ẹ bá ti kan páànù tán, kí ẹ ránṣẹ́ sí àwọn. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí yín, ẹ̀yin lẹ máa ń wá kí àwọn. Ó wu àwọn náà kí àwọn ṣe àlejò nílé àbúrò àwọn kí àwọn tó kú.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànmú.