Súrà Tí Kò Sí Lójú Ewé

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Mọ̀ńgàríbì.

Ọ̀lẹ! Ohun tí tíṣà pe Múínátù mi lónìí nìyẹn, torí pé kò lè ka ìlà kan nínú ìwé Yorùbá rẹ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé tó bá dàgbà, á mọ̀ ọ́n kà.

Ó kù díẹ̀ kí n gbà á gbọ́. Ṣebí ọmọ yìí kan náà ni Àáfà ń yìn nílé kéú pé ó ń ka súrà bí ẹni ń mumi?

Bá a ṣe délé, mo ní kó ka súrà kan fún mi. Ó ṣí Kùránì, ó fìka tọ ìlà, ó kà á geere. Mo wá bojú wo ìwé. Súrà mìíràn pátápátá ló wà níbẹ̀.

Ló bá bú sẹ́kún. “Mọ́mì, ẹ má sọ fún Àáfà. Lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ mi lójú. Tí àwọn tó kù bá ń kà á ni mo máa ń gbọ́.”

Ọmọ ọdún méje ló fi etí kó gbogbo súrà yẹn sórí! Kí ọ̀lẹ kan wá ṣe é, kí n rí i.

Èmi fúnra mi ni màá sọ fún Àáfà. Tó bá di Mọ́ńdè, Malete là ń lọ, sọ́dọ̀ obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú ní ìwé kíkà. Kí tíṣà kọ “kò wá” síwájú orúkọ rẹ̀.

Ó ní kó dàgbà ná. Ọmọ tó ti ń dá irú ẹrù yìí gbé, tí kò sọ fún ẹnì kankan, báwo ló tún ṣe fẹ́ kó dàgbà tó?