Ìjì Tí Mo Lé Kúrò Lọ́nà Ilé Rẹ

Alibon, Dagenham.

Akínrẹ̀mí, ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Ooru ibẹ̀ kò ní borí rẹ, lágbára Ọlọ́run. Àlàáfíà la wà ní Ìlú Ọba níbí. Mọ́níkẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ti lọ síbi iṣẹ́, ó ní kí n kí ọ. Láti ọjọ́ Àìkú ni òjò ti ń pa aṣọ tí mo sá.

Kí n tó fọ ẹnu láràárọ̀ ni mo máa ń wo ojú ọjọ́ ìlú aṣálẹ̀ tí o wà ní Arisónà nínú fóònù tí ẹ rà fún mi. Oòrùn lónìí, oòrùn lọ́la, ìwọ̀n ooru méjìlélógójì lójoojúmọ́. Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ẹni tó ń kọ ọ́ ti gbàgbé láti pa ti àná rẹ́ ni.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá ni mo rí ìjì kan lójú òkun, ó ń yí bíríbírí, ìka méjì péré ló sì kù kó dé ilé rẹ. Mo fi ìka yà á kí n lè rí i dáadáa, àfi bó ṣe fẹ̀ tó gba gbogbo ojú fóònù. Àyà mi já, mo rò pé èmi ni mo mú un bínú. Mo yára fi ìka fún un pọ̀, ó kéré, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Ni mo bá gbé fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Wùnmí tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ aládùúrà wa gbé e sáàárín àbẹ́là méje, a gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, a ń pàṣẹ fún ìjì náà pé kó padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kẹta, Akínrẹ̀mí, ó yà, ó gba ojú agbami lọ. Inú mi dùn débi pé mo jó láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ibùdókọ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì sì dúró dè mí.

Àfi lánàá tí Mọ́níkẹ́ ka ohun tí o kọ ránṣẹ́ fún mi, pé ó ti di oṣù márùn-ún tí òjò ti kán síbẹ̀ kẹ́yìn, pé òjò tí ìjì yẹn ń gbé bọ̀ ni gbogbo yín ń retí, tí ẹ ti to korobá síta, pé ṣàdédé ló yà, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí. Ọmọ mi, èmi mọ ìdí. Mi ò tíì lè sọ fún Mọ́níkẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé nítorí ojú ń tì mí. Ẹ̀rù ló bà mí nítorí rẹ, mi ò mọ̀ pé ire ló ń bọ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó àbẹ́là ránṣẹ́ ká lè pe ìjì náà padà. Ìyá Wùnmí ní kí n bi ọ́ bóyá òjò ìwọ̀nba korobá ni ẹ fẹ́ àbí èyí tó máa kún odò, kó má di pé a ṣe é jù.

Ọlọ́run yóò pa ọ́ mọ́ fún mi, ilé rẹ yóò tutù, wàá rí ẹni bá ọ jẹun níbẹ̀. Bí àwọn ará ìlú yín bá sì ń wá ẹni tó lé òjò wọn, má dárúkọ mi o. Sọ fún wọn pé ìyá rẹ kò mọ fóònù lò.

Èmi ni ìyá rẹ,
Morónkẹ́.