Apá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan, ìwọ ìwé yìí ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún: mo lóyún! Mo lóyún o! Mo ń dá rẹ́rìn-ín nídìí sítóòfù bí ẹni tórí rẹ̀ dàrú. Ọjọ́ Àìkú ni n ó sọ fún Adúmáadán, ọkọ mi, níwájú bàbá rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Bàbá ọkọ mi ni kóòṣì tẹ́níìsì ní kílọ́ọ̀bù àwọn olówó. Kílọ́ọ̀bù ọ̀hún ti ń kógbá wọlé — àwọn àgbà ibẹ̀ ń kú, àwọn ọmọ wọn kì í yọjú. Alága ti sọ ọ́: bí ọmọ kílọ́ọ̀bù kò bá gba ife ọdún yìí, pápá tẹ́níìsì á di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni gbogbo wọn ń wò, àbúrò ọkọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Láti kékeré, tẹ́níìsì nìkan. Kò gbọdọ̀ lúwẹ̀ẹ́, kò gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré.
Lónìí ó ní kí n bá òun ya irun. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò gòkè mọ́. Ó ń bẹ̀ mí: "Àǹtí Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Bàbá."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje
Ayọ̀ kò jẹ́ n jókòó. Ọmọ mi!

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Mo sọ ọ́! Adúmáadán gbé mi sókè, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, àwa méjèèjì wó sórí àga — ẹ̀rín! Bàbá jó dé ìdí àpótí, ó yọ rákẹ́ẹ̀tì kékeré kan, èyí tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́rin lèyí á ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́níìsì nìkan!" Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń fi ọwọ́ òsì gbá itan.
Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Mo bi Adúmáadán nípa orúnkún yẹn. Ó máa ń tiro díẹ̀; mo ti ń rò pé bó ṣe ń rìn nìyẹn — mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní òun ni Bàbá kọ́kọ́ kọ́ ní tẹ́níìsì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Mo sọ ọ̀rọ̀ apá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fún Bàbá. Kò bínú. Ó ń fọwọ́ ra èjìká ọmọ náà títí omijé fi lé ròrò sójú òun fúnra rẹ̀. "O ṣeun, ìyàwó. Àṣìṣe mi ni. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo kọ́ ọmọ yìí." Ó wá wo ikùn mi. "Tèyí, ọwọ́ méjèèjì ni."
Ó ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fara dà á. Tó bá gba ife tán, á sinmi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Bàbá ní ìkọ̀wé mi dára, kí n kọ ìkéde ọjọ́ ìdíje ife náà fún mọ̀lẹ́bí. Adúmáadán ń nu rákẹ́ẹ̀tì kékeré yẹn. Kò wojú mi. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kò bá mi sọ̀rọ̀ láti Ọjọ́bọ̀ wá dúró tì mí. "Àǹtí Ìyàwó, ẹ tètè dé lọ́jọ́ náà o. Mi ò lè dá wọ aṣọ tẹ́níìsì yẹn."
Mo kọ ọ́ báyìí: Gbogbo wa, aṣọ funfun, pápá kílọ́ọ̀bù, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta. Kí ẹnikẹ́ni má pẹ́.