Mo Ti Sọ fún Tíṣà Pé Ìwọ Ni, Kì í Ṣe Ẹ̀rọ

Ọmọ mi àgbà,

Mo kí ọ, mo sì tún kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ara tèmi le, ti ìyá rẹ náà le, àyàfi orúnkún rẹ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe. Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ obìnrin ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ilé-ìwé ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ Ajé, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà ló fẹ́ rí mi. Ọmọdé ni tíṣà náà, ó kí mi dáadáa, ó gbé àga fún mi, ẹsẹ̀ àga náà kan ń mì, mo sì sọ fún un. Ó ní òun ní kí àwọn ọmọ kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀lé láti mọ ẹni tó yá ìwé ní láíbìrì àti ọjọ́ tó yẹ kó dá a padà, pé èyí tí àbúrò rẹ mú wá dán jù, ó jọ pé ẹ̀rọ ló bá a ṣe é. Mo ní ẹ̀rọ wo? Yàrá méjì ni a ní, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní inú fóònù ni ẹ̀rọ yìí ń gbé. Mi ò bá a jiyàn, òun ló mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó wá fi nǹkan hàn mí lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Mo dìde, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, torí ọmọ yẹn kò gba irú máàkì bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní máàkì kọ́, pé ẹ̀rọ mìíràn ló ń jẹ́rìí pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Mo bi í bóyá ìjà wà láàárín àwọn ẹ̀rọ méjèèjì. Ó ní òun kì í fi ẹ̀rí yẹn nìkan dá ọmọ lẹ́bi, òun máa ń ní kí ọmọ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan ni. Èyí yé mi. Ẹni tó bá ní èmi kọ́ ni mo kan tábìlì kan, màá tú u palẹ̀ lójú rẹ̀, màá sì tún un tò. Ṣùgbọ́n nígbà tó pe àbúrò rẹ wọlé tó sì bi í ní ìbéèrè, fáànù òkè àjà ni ọmọ náà ń wò.

Ìgbà yẹn ni mo là á yé e. Mo ní kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìlú ńlá ló ṣe é, ènìyàn ẹlẹ́ran ara tí èmi fúnra mi bí, pé ojú mi ló ṣe nígbà tí àbúrò rẹ bẹ̀ ọ́ lórí fóònù, àti pé mi ò tíì fá pákó kan tán tí o fi fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Àbúrò rẹ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, mo rò pé inú rẹ̀ ló dùn. Tíṣà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ọwọ́ rẹ mà yá o. Mo ní bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Tí wọn ò bá rí àlàyé gidi, wọ́n á yọ orúkọ àbúrò rẹ kúrò nínú ìdánwò àṣekágbá, ọdún kan gbáko nìyẹn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé wàá wọkọ̀ wá, wàá jókòó síwájú wọn, wàá sì ṣàlàyé rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni láti ìgbà tí o ti ṣe é, kò pọ̀ tó kí o gbàgbé ohun tó ti orí ara rẹ jáde. Bí o bá ń bọ̀, bá mi mú owó ìṣó àti gọ́ọ̀mù dání.

Àbúrò rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá ìwọ gan-an lo ṣe é. Mo bá a wí, ìwọ̀sí nìyẹn sí ẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ òmíràn fúnra rẹ̀ sẹ́yìn páálí kó tó lọ tẹ̀ ẹ́ nílé-ìwé. Kò dán rárá. Lánàá, iṣẹ́ náà sọ pé ẹnìkan dá ìwé padà kó tó yá a. Ṣùgbọ́n kò sí ìlà tí mo fọwọ́ kàn tí kò sọ ohun tó ń ṣe fún mi, ó sì yé èmi tí mi ò mọ̀ ju pákó lọ. Mo ti ní kó kó o pamọ́ di ọjọ́ Ẹtì, kó má baà dójú ti tìrẹ níwájú ọ̀gá.

Ọlọ́run á mú ọ délé láyọ̀. Iṣẹ́ tí o bá fọwọ́ ara rẹ ṣe, ẹnu rẹ kò ní wá ọ̀rọ̀ tì lórí rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.