Ìṣó Orí Rúlọ́ọ̀tì

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Mo mọ̀ pé ẹ kò mọ ìwé kà nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ wa. Bí wọn kò bá tíì kọ́ yín níbẹ̀ yẹn, ẹ wá aládùúgbò kan kó kà á fún yín, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ẹni tí kò lè pa ẹnu mọ́, torí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí, èmi àti ẹ̀yin nìkan ló ni ín. Èmi náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ ṣáà rántí ọjọ́ tí mo sá wálé láti ilé ìwé àwọn fadá, nígbà tí mo ń sín ìrìn olùkọ́ jẹ lẹ́yìn rẹ̀ tí ó sì yíjú padà.

Rúlọ́ọ̀tì yín ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ilé onípákó tó ní táyà, tí ẹ gbà lọ́wọ́ òyìnbó tó ń wọn ọ̀nà nígbà tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ẹ ó so ó mọ́ ìdí kàmíọ̀nù akẹ́rù, ẹ ó kó aṣọ títà sínú rẹ̀, ó di ọjà Aného. Àwọn ọmọ Amoutivé, àdúgbò wa, a sì máa sá tẹ̀lé e, wọn a máa pariwo pé ilé Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, ń rìn lọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ yín kò gbé ọ̀nà mọ́, ẹ gbé e sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ẹ ní inú rẹ̀ lẹ ó máa sùn. Ṣé ẹ ṣì máa ń kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó wọ ilé yín níbẹ̀? Rúlọ́ọ̀tì tí kò sí ẹ̀dá kankan nínú rẹ̀, ẹ ó kàn án gbà, gbà, ẹ ó dúró díẹ̀, kí ẹ tó ṣí i. Ta ni ẹ ń kàn án fún? Mo bi yín títí, ẹ kò dá mi lóhùn. Ẹ kò sì ní dá mi lóhùn báyìí náà.

Ohun tí ẹ kò mọ̀ rèé. Lẹ́yìn tí a sin yín, tí a bu yẹ̀ẹ̀pẹ̀ lé yín lórí níkọ̀ọ̀kan, àwa ọmọ yín pinnu pé a ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé yín náà. A ra páànù tuntun, a tẹ́ ẹ lé aṣọ àgọ́ tí òyìnbó fi bo òrùlé, a sì ní kí kálukú kan ìṣó tirẹ̀, kí ará àdúgbò má baà sọ pé òjò ń pa ilé bàbá àwọn Ànàgó. Sínábù, àkọ́bí yín, ló kọ́kọ́ gùn ún. Ó ní apá ibi tí ẹ máa ń gbé orí sí ni tòun. Ẹkún kò jẹ́ kó ríran dáadáa. Ó gbá ìṣó, ìṣó wọ́. Ó fà á yọ, ó sún un díẹ̀, ó tún gbá a. Èmi ni mo di àkàsọ̀ mú. Kò pẹ́ tí a fi tẹ́ páànù kejì, ó gun etí ti àkọ́kọ́, ó sì bo ojú ibẹ̀.

A ṣe ilé yín lọ́ṣọ̀ọ́, Bàbá. Àtìgbà náà ló sì ti ń jò.

Àárín ló ń kán sí, lórí àga yín gan-an. Àárín náà ni mo sì ń dí, ní gbogbo àsìkò òjò. Mo ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa lọ́sàn-án gangan, mo jókòó sínú òkùnkùn bí olè, mo ń wá ibi tí oòrùn yóò ti yọjú. N kò rí nǹkan kan. Mo gun òkè, mo da ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń tẹ́ ọ̀nà sí i, ó tún jò. Òjò tó rọ̀ kẹ́yìn wá wọ inú àpótí yín. Agbádá funfun yín tí Sínábù ti fi káńfọ̀ sí, èébu bò ó.

Ó tẹ́ agbádá náà sórí okùn, ó wá bá mi.

“Mo ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀. Yóò wá tú u, kó máa kó pákó rẹ̀ lọ.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ fi ilé bàbá wa ṣe àpótí ìjókòó ni?”

“Ó sàn ju kó máa jẹrà lójú mi lọ. Ìwọ tí o ní ò ń dí i, ẹnu rẹ ni kí o lọ dí.”

“Ọ̀dà tó máa tó ẹnu mi, ọ̀nà Aného kò ní rí tirẹ̀ lò.”

Kò rẹ́rìn-ín. Bàbá, ẹ mọ̀ pé bí Sínábù kò bá rẹ́rìn-ín sí mi, ọ̀ràn ti dé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi di òjò tó ń bọ̀. Ó ní ó dáa, òun yóò jókòó sórí àga yín nígbà tí òjò bá ń rọ̀, òun yóò tẹ́ ìborùn funfun òun sórí itan. Bí ẹ̀kán kan bá kán sí i, káfíńtà yóò wọlé.

“O ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọn ìṣó wa. Ìṣó tí ọmọ kàn fún bàbá rẹ̀, a kì í yọ ọ́. Ṣé o gbọ́?”

Mo ní mo gbọ́. Gbígbọ́ ni mo ní mo gbọ́, n kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí ó lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Kpogan ni mo gun òkè pẹ̀lú ẹ̀mú. Mo ń yọ ìṣó, mo ń tò wọ́n sórí aṣọ bí a ṣe tò wọ́n sórí òrùlé, kí tẹ̀gbọ́n má lọ bọ́ sí ihò àbúrò. Ṣé ẹ rí mi? Ṣé ẹ bínú? Mo ṣí páànù kejì kúrò lórí àkọ́kọ́, ihò tí Sínábù fa ìṣó yọ nínú rẹ̀ sì ń wò mí bí ojú. Omi ń yọ́ gba àárín páànù méjèèjì, ó ń wọ ibẹ̀, ó ń gba abẹ́ aṣọ àgọ́ rìn lórí pákó, ó wá ń kán sí àárín. Àmì ìpẹtà pupa ló fi ọ̀nà hàn mí títí dé ọ̀kánkán àga yín.

Mo jókòó sórí òrùlé, mo rín ẹ̀rín títí ìhà fi ń dùn mí. Sínábù! Ẹni tó fẹ́ tú ilé nítorí pé ó ń jò! Láti ìgbà tí ẹ ti bí mi, n kò rí ẹ̀fẹ̀ tó tóbi tó báyìí he.

Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé ojú ọ̀run ti ṣú lápá òkun. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, mo fi àkísà gbígbẹ nù ún. Mo ki òwú bọ ihò náà, mo ti aṣọ tí mo fà ya bọ inú ọ̀dà gbígbóná, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò, mo lẹ òmíràn dábùú rẹ̀, mo fi ìdí ṣíbí tẹ̀ wọ́n, bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Gbogbo ojú ibi tí aṣọ àgọ́ ti pàdé ara wọn ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dá páànù padà, mo dá ìṣó kálukú padà sí ihò tirẹ̀, mo sì kán ọ̀dà sí orí wọn. Ẹsẹ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀ nígbà tí Sínábù wọlé.

“Kí ló ń rùn bí ọ̀nà tuntun yìí?”

“Òkè ni mo kùn.”

“O kun irùngbọ̀n rẹ náà mọ́ ọn.”

Òjò ọjọ́ yẹn gba orí òkun lọ, kò kàn wá. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, ló wá dé pẹ̀lú ìjì. Sínábù gbé ìborùn rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà rúlọ́ọ̀tì, ó sì kàn án gbà, gbà. Ó dúró díẹ̀, kí ó tó ṣí i. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ta ni òun náà ń kàn án fún?

Ó jókòó sórí àga yín. Èmi jókòó sí etí ibùsùn. Òjò ń lu páànù bí ẹni ń da òkúta, a kò lè bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo ń wo àjà, òun ń wo itan rẹ̀. Ìgbà tó yá, mo rí i. Láàárín pákó méjì, níbi tó ti máa ń kán, omi kóra jọ, kékeré bí orí ìṣó, ó ń tóbi sí i, ó rọ̀ sílẹ̀. Mo yáa yíjú sí fèrèsé bí ẹni tí kò rí nǹkan, mo sì ń fi igun ojú wò.

Sínábù gbé orí sókè. Ó ti rí i.

Bàbá, ọmọ yín obìnrin na ọwọ́ rẹ̀ jáde jẹ́jẹ́, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀kán náà bọ́ sínú rẹ̀. Ó pa ọwọ́ dé, ó wò mí bóyá mo rí i, ó wá fi omi náà ra ojú rẹ̀. Kò sí òmíràn tó kán títí òjò fi dá.

Ó gbọn ìborùn rẹ̀ níwájú mi. “Ó gbẹ. O mórí bọ́.”

Nígbà tí káfíńtà dé, Sínábù ní òun kò pe ẹnikẹ́ni. Mo tún gun òkè, mo tún un kùn. Òjò ti rọ̀ lẹ́yìn náà, àga yín gbẹ táútáú.

Ṣé kí n sọ fún un, Bàbá, pé ìṣó rẹ̀ ló ń jò láti ọjọ́ yìí? Ẹ̀fẹ̀ yìí ń yún mi lọ́fun. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá la ẹnu, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń rí, bó ṣe ṣí i sílẹ̀ lábẹ́ omi. Mo ti gbé e mì. Ẹ bá mi rín in níbẹ̀, kí ẹ rọra rín in.

Bí ẹ bá sì wá wo ilé yín, ẹ kàn án kí ẹ tó wọlé. Sínábù ti ń sùn síbẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ máa ń lé jáde nítorí ẹnu rẹ̀, tí ẹ sì máa ń ṣí oúnjẹ rẹ̀ wò bóyá ó ti tutù.